Orúkọ Tí Munawwarah Kò Lè Pè ní Àbẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá ń kọjá ní Alékúwodò, tí ẹ gbọ́ ariwo ìfági lórí pákó, ẹ má wulẹ̀ máa wá ọkùnrin kiri. Munawwarah ni. Ẹ ó bá a pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ tí eruku igi ti pa láwọ̀ dà, á ti ki pẹ́ńsù bọ ẹ̀gbẹ́ etí, á sì máa bá pákó wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tó fara ti ilé iṣẹ́ rẹ̀. Eruku rẹ̀ ti ba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, a sì ti bá ara wa jà títí a fi di ọ̀rẹ́.

Julianah lorúkọ mi, Ìyá Shalom ni Munawwarah ń pè mí. Ará Iléṣà ni mí, ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì, n kì í sì í ṣe onísùúrù. Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ pe ọkọ mi, “Ẹkúndayọ̀!” ni mo ń pè é ní gbangba, á sì dá mi lóhùn. Àwọn ìyá Òṣogbo tó bá gbọ́ a máa di etí, wọn a sì máa bá ìyá mi kẹ́dùn.

Munawwarah kò bá iṣẹ́ igi wá sílé ọkọ. Ìyàwó Mikail ni, Mikail sì ni àkọ́bí Alhaji tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, oúnjẹ ọ̀sán ló máa ń gbé wá fún àwọn ọkùnrin níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bá Alhaji níbi tó ti ń fi sáńdípépà ra ẹsẹ̀ àga, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, kí oúnjẹ yín má baà tutù.” Àwọn káfíńtà yòókù bú sẹ́rìn-ín. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. Ó jẹun tán, ó fọwọ́ pa ẹsẹ̀ àga náà lókè nísàlẹ̀, ó ní kí ó tún padà wá lọ́la. Bí ọmọbìnrin tó wá gbé abọ́ ṣe di ẹni tó ń la igi ọ̀gànwó nìyẹn.

Àwọn ọmọkùnrin Alhaji ńkọ́? Mukhtar, èyí tó jẹ́ àbúrò, ní eruku ń mú òun sín. Mikail ní tirẹ̀ gbọ́ pé góòlù wà nínú ilẹ̀ ní Itagunmodi, ó gbé ṣọ́bìrì, ó lọ. Láti ìgbà náà, ẹrẹ̀ ló ń gbé wálé ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bíbélì tiwa wí pé orúkọ rere sàn ju wúrà lọ, òun sì bá wúrà lọ, ó fi orúkọ sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Kì í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo sọ.

Orúkọ gan-an ló wá di wàhálà. Mọ́ṣúdù ni Alhaji ń jẹ́, orúkọ yẹn náà ló sì wà lára pátákó tó wà níta: Ilé Iṣẹ́ Àga Mọ́ṣúdù. Munawwarah ló fọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà funfun àti àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n kò pè é rí. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ bàbá ọkọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe rí. Ó lè kọ ọ́ sórí ìwé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Tí mo bá ta kò ó, á ní, “Ọwọ́ ló kọ ọ́, ẹnu kọ́.”

Bíríkìlà kan wà lẹ́yìn ilé wa tí òun náà ń jẹ́ Mọ́ṣúdù. “Olórúkọ Bàbá” ni Munawwarah ń pè é. Ó lè bí ọmọ náà dáadáa, síbẹ̀ tí wọ́n bá pàdé, orúnkún rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀ nítorí orúkọ. Bíríkìlà náà ti wá ń gbéra ga. Lọ́jọ́ tó bá mi ṣiṣẹ́, ó ń retí kí èmi náà kúnlẹ̀. Mo ní kí ó lọ jókòó.

Alhaji kú ní ọdún tí àga oníke gba gbogbo ìgboro. Kí ni wọ́n á fi àga onígi ṣe, nígbà tí oníke fúyẹ́, tó pọ́n, tó sì ṣeé tò jọ bí abọ́? Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Mukhtar ní kí wọ́n ta ilé iṣẹ́ náà fún àwọn tó fẹ́ fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù. Wọ́n jókòó sọ ọ́ nínú ẹbí, wọ́n ní bí iṣẹ́ gidi kan kò bá wọlé kí ọdún tó parí, kí wọ́n tà á. Munawwarah dìde ní ìpàdé náà. Ó padà sídìí pákó, ó sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé igi ló ṣẹ̀ ẹ́.

Àsìkò yẹn ni ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ gbé kọ́ńtíráàtì àga àti tábìlì jáde fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ má bi mí léèrè orúkọ ọ́fíìsì tó kéde rẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ti sú mi. Èmi ni mo tẹ gbogbo ìwé tí wọ́n béèrè fún. Munawwarah ṣe àga kan fún àpẹẹrẹ, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ mi dúró lé e lórí, tó sì ń fò sókè, tí kò dún. A di àpòòwé wa, a gbé e lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn lára, a sì padà sílé pẹ̀lú ayọ̀.

Nínú ìwé òfin ìdíje náà, gbólóhùn kan wà níbẹ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣí àwọn àpòòwé, kí olùdíje fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Wọ́n ní àwọn méjì ló jà lórí àpòòwé kan ṣoṣo lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń fa agbádá ara wọn ya. A jọ ka òfin náà, kò sì sí ẹni tó rí ewu níbẹ̀. Ta ni kò mọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀?

Ọjọ́ náà pé. Gbọ̀ngàn kún fún àwọn alágbàṣe. Akọ̀wé ìgbìmọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í yẹ òfin sí ọ̀tún tàbí òsì, gbé àpòòwé wa sókè, ó ní, “Ta ló ni èyí?” Munawwarah dìde.

“Ẹ dárúkọ ilé iṣẹ́ yín.”

Mo ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ṣí, ó pa dé. Ó ní, “Ilé iṣẹ́ Alhaji ni, sà.”

“Alhaji wo?”

“Alhaji tiwa. Ti Alékúwodò.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Alhaji pọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà ju àga ìjókòó lọ, àwọn míì tiẹ̀ ti ń tún fìlà ṣe. Ọdúntán ní, “Màdáámù, orúkọ ilé iṣẹ́ ni mo béèrè.”

“Bàbá ọkọ mi ló ni orúkọ náà, sà. Ó wà nínú ìwé. Mo kọ ọ́ dáadáa.”

“Ẹnu ni òfin wí.”

Mo fún un léèékánná nítan. Kò gbọ́. Èmi fúnra mi lanu láti pariwo rẹ̀, Ọdúntán na ìka sí mi, ó ní, “Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ buwọ́ lùwé. Ẹ jókòó.” Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Munawwarah dúró síbẹ̀, ohùn kò jáde. Ọdúntán gbé àpòòwé wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìṣí i. Ó ní wọ́n ti yọ wá kúrò nínú ìdíje.

Nínú takisí tí a bá padà, mo bínú débi pé èdè Iléṣà ló ń jáde lẹ́nu mi. Munawwarah ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun láti ṣe nílé ọkọ nìyẹn. Mo ní, “Ulé ọkọ kọ́, ulé àna ni! Ugi lo fẹ́ máa gbẹ́ ni àbí ìyàwó lo fẹ́ máa ṣe?” Awakọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó ní òun gbà pé Munawwarah jàre, pé ìyàwó tòun a máa pe orúkọ bàbá òun bí ẹni ń pe ewúrẹ́. Mo ní kí ó kọjú síwájú kí ó wakọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bàbá bàbá mi ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ yìí, bí ó bá sì lọ gba owó rẹ̀, ìlóṣòó ló ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n á fi san án. Èmi náà ṣe tán láti lóṣòó sí Àbẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo kọ ìwé ẹ̀hónú kan tí mo fi bú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Munawwarah kà á, ó ní kí n pa á rẹ́. Èyí tí a wá fi ránṣẹ́ tutù jù fún mi, ṣùgbọ́n òótọ́ inú rẹ̀ le: àpòòwé wa dé lásìkò, ohun gbogbo pé nínú rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tó wí pé òun ló ni ín. Ìjà ni òfin náà wà láti dènà, ìjà kankan kò sì ṣẹlẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n á fi tìtorí ẹ̀kọ́ ilé lé ènìyàn jáde?

Wọ́n dá wa lóhùn. Wọ́n ní kí a wá sọ tẹnu wa níwájú alága. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Mukhtar mú ọkùnrin oníṣòwò fóònù wá, tí ó ń fi téèpù wọn ilé iṣẹ́ náà, tó sì ń fẹsẹ̀ ti fùlùfúlù igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Munawwarah gbálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, Munawwarah wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní kí n kọ́ òun bí òun ó ṣe pe orúkọ náà.

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo ní, “Sọ pé Mọ́.” Ó ní, “Mọ́.” Mo ní, “Ṣú.” Ó ní, “Ṣú.” Mo ní, “Dù.” Ó ní, “Dù.” Inú mi dùn. Mo ní, “Ó yá, so wọ́n pọ̀.” Ó mí kanlẹ̀, ó dijú, ó ní, “Alhaji!”

Mo fi orí lé kíbọ́ọ̀dù. A gbìyànjú títí iná fi lọ. Mo ní kí ó ṣe bí ẹni pé bíríkìlà ni ó ń pè. Ó ní bíríkìlà náà ti di bàbá òun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé tirẹ̀ kì í ṣe omi ẹ̀rín mọ́.

Ó ní, “Ìyá Shalom, o rò pé àṣejù ni mò ń ṣe. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìdí igi, gbogbo wọn ló ń fi mí ṣẹ̀sín. Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kàn fún mi ní ayùn. Kí n wá dúró lójú àwọn àlejò, kí n máa pè é bí ẹgbẹ́ mi? Ó ń dùn mí pé n kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe é.”

Lọ́jọ́ tí a máa lọ, ìyá ọkọ rẹ̀, Alhaja Àpìkẹ́, ti wọ léèsì funfun, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun fẹ́ fojú rí àwọn tó ń bá ìyàwó òun jà. Mo wo Munawwarah, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹni tí kò lè pe orúkọ bàbá ọkọ lẹ́yìn ìyá ọkọ, ṣé lójú ìyá ọkọ ni yóò ti wá pè é?

Ọ̀gbẹ́ni Adéjọbí ni alága, àgbàlagbà onírun funfun, ará Iléṣà. Ọkàn mi balẹ̀. Tiwa ti dé! Mo kí i ní èdè ilé. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ rí, ó ní kí n sọ tẹnu mi. Mo sọ ọ́. Mo ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá ni àgbà òṣìkà, àti pé wọn kò jẹ́ kí a ṣàlàyé ara wa lọ́jọ́ náà kí wọ́n tó lé wa. Mo sọ̀rọ̀ débi pé òùngbẹ gbẹ mí.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ó wá ní, “Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí. Mo gbà pé wọ́n yára jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ẹsẹ̀ òfin kan nítorí yín, ẹlòmíràn tí a yọ yóò wá lọ́la, yóò ní kí n yọ òmíràn fún òun. Àpòòwé yín nìyí, a kò tíì ṣí i. Màdáámù, ẹ kàn dárúkọ ilé iṣẹ́ yín báyìí, níwájú gbogbo wa. Kí ẹ tó jókòó, a ó ti ṣí i.”

Kò sí ohun tó tún rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé yìí. Munawwarah dìde. Ó wo alága. Ó wo àpòòwé. Ó wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì tẹríba. Ọdúntán sún gbohùngbohùn mọ́ ọn. Ohun tí a gbọ́ nínú rẹ̀ ni èémí lásán.

“Ṣé èmi lè bá a pè é?”

Alhaja Àpìkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Ọdúntán ní rárá, pé ẹnu olùdíje ni òfin wí. Alága ní, “Ta ló ni ilé iṣẹ́ náà gan-an? Wò ó.” Ọdúntán wo ìwé ìforúkọsílẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà díẹ̀. Alhaji àti ìyàwó rẹ̀ ló jọ ni ín. Munawwarah kàn ń bá wọn darí rẹ̀ ni. Alága ní, “Ìyẹn ni pé Màmá gan-an ni olùdíje. Ó tó. Màmá, ẹ máa wí.”

Mo fẹ́ pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni Munawwarah kúnlẹ̀, tó di ìró ìyá náà mú. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ náà máa lọ.” Ibẹ̀ ló tó yé mi. Ìyá yìí náà, ìyàwó ilé ni. “Bàbá Mikail” ló ń pe ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó bí Mikail, “Ẹ gbọ́ o” ló ń pè é. Ohun tí a ń bẹ ìyàwó ọmọ kí ó ṣe, tí kò lè ṣe, ìyá ọkọ náà kò ṣe é rí.

Alhaja Àpìkẹ́ rọra yọ ìró rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ta ni mo wá ń bẹ̀rù? Ṣé òun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ni, àbí àwọn tó fẹ́ ta ilé iṣẹ́ rẹ̀?” Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Bísímílàhì.” Ó fi ọwọ́ méjèèjì di gbohùngbohùn mú.

“Mọ́ṣúdù!”

Ó pè é bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wa wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ dáhùn. Munawwarah fi híjáàbù bo ojú. Ọdúntán, ọkùnrin òfin, ti dìde dúró láìmọ̀. Ó ní, “A gbọ́, Màmá,” ó sì ṣí àpòòwé náà.

Kí n tó gbàgbé: wọ́n pín iṣẹ́ náà fún àwọn ilé iṣẹ́ bíi mélòó kan, a rí tiwa níbẹ̀. Mukhtar kò sọ pé kí wọ́n ta ilé iṣẹ́ mọ́, òun ló ń kó pákó báyìí, ó sì ń sín. Àga tí àwọn ọmọ kéékèèké jókòó lé ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa, ọwọ́ Munawwarah ni. Ẹ lọ dúró lé e lórí kí ẹ fò, kò ní í dún.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ilé lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ. Munawwarah jókòó síwájú takisí, èmi àti Alhaja wà lẹ́yìn. Mo ń dá àpárá, mo ń sín Ọ̀gbẹ́ni Ọdúntán jẹ, Munawwarah ń rẹ́rìn-ín. Mo wá gbọ́ ohùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Alhaja kọjú sí fèrèsé. “Mọ́ṣúdù,” ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó tún sọ ọ́. “Mọ́ṣúdù.”

Ó rí i pé mo gbọ́. Ó ní, “Ó dùn lẹ́nu.”

Mo ní, “Ó dùn, Màmá.”

Ó ní, “Mo bá a gbé títí ó fi kú. Kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí.”

 Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi dé Alékúwodò.